Etí-erin inú ìkòkò: bí a ṣe ń gbìn ín, àti bí a ṣe ń pa á mọ́ títí òtútù yóò fi kọjá

Ewédára:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Etí-erin mẹ́rin, àwọn ẹbí kókò tí ewé wọn tóbi yẹn, ló wà nínú ìkòkò níta. Ọ̀kan ní ewé gbàǹgbà aláwọ̀ ewé tó dorí kodò. Ìkejì dúdú, ó ń sá kiri, ó sì ti ta ọmọ yí etí ìkòkò ká. Ewé àwọn méjì tó kù nà ṣóńṣó sókè. Tẹmómítà ti ń já sí 9°C lóru báyìí. Ẹnì kan ní kí n wú gbogbo wọn, kí n gé ewé dànù, kí n kó iṣu wọn sínú páálí. Ẹlòmíì ní kí n gbé ìkòkò wọlé bó ṣe wà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìbéèrè kejì: ìkòkò lítà 15 ni gbogbo wọn wà, ewé wọn kò sì tóbi tó bó ṣe yẹ. Ṣé ìkòkò ló fà á ni, àbí ajílẹ̀?

BàbáỌgbà:
Kò sí ẹni tó ṣì yín lọ́nà nínú àwọn méjèèjì. Ohun ọ̀gbìn tí kálukú ní lọ́kàn ni kò dọ́gba. Ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń pè ní etí-erin: Colocasia, Alocasia àti Xanthosoma. Kí ẹ tó mú ọ̀bẹ, ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí ohun tó ń gba ọ̀kan là nígbà òtútù ló ń pa èkejì.

Ẹ yí ewé padà, kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ọn. Tí ọ̀pá bá so mọ́ ẹ̀yìn ewé, tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ewé ti là, tí ṣóńṣó ewé sì kọjú sílẹ̀, Colocasia ni. Kókò gan-an, Colocasia esculenta, ibẹ̀ ló wà. Tí ọ̀pá bá so gẹ́lẹ́ mọ́ ibi tí ewé ti là, ní etí, Xanthosoma ni. Èyí tí ewé rẹ̀ le, tó ń dán, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sókè, Alocasia ló sábà máa ń jẹ́.

Nínú ohun tí ẹ kọ, ti àkọ́kọ́ jọ Colocasia oníṣu ńlá. Ìyẹn ló ṣeé wú, tó ṣeé gbẹ, tó ṣeé kó sí páálí. Dúdú tó ń sá kiri yẹn, Colocasia náà ni, irú 'Black Magic' àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣu rẹ̀ kéré, omi inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti gbé e dé ìgbà ìrúwé bí ẹ bá tú u síta gbẹrẹfu. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀. Àwọn méjì tó kọjú sókè, Alocasia ni mo kà wọ́n sí, àwọn kò sì bá páálí rẹ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa hù lọ nínú ilé.

Àwọn Alocasia yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé, ẹ má dúró dọ̀la. Bí òru bá ti lọ sísàlẹ̀ 13°C ni ìyà ti ń jẹ wọ́n, wọn kò ní dúró de ìrì dídì kí wọ́n tó bàjẹ́. Ní ti Colocasia, ní nǹkan bí 10°C kò ní dàgbà mọ́, àmọ́ iṣu rẹ̀ kò tíì fara pa.

ÌyáElewé:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Alocasia, òun ni kò lè dúró.

Kí ó tó wọ ilé, ẹ wo abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò bíńtín pupa tó máa ń ta òwú tín-ín-rín sábẹ́ ewé ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná máa ń gbẹ, ibi gbígbẹ ni kòkòrò yìí sì ti ń bí sí i kíákíá. Àmì rẹ̀ ni pé ojú ewé á kún fún tó-tò-tó funfun kéékèèké, ewé á wá ṣá. Ẹ fi omi fọ ewé tojú tẹ̀yìn, kí ẹ wá fọ́n ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ewéko sí i: mílílítà 10 sí 20 nínú lítà omi kan, bí ohun tó wà lára ìgò bá ṣe wí. Ẹ tún un fọ́n lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ọṣẹ yìí kì í pa ẹyin wọn. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ kọ́ o! Ìyẹn máa ń jó ewé.

Ẹ gé ewé tó ti ń pọ́n, kí ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tuntun jù sílẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀ báyìí, ẹ má sì fún un ní ajílẹ̀ títí ìgbà ìrúwé. Fèrèsé tó ń gba oòrùn jù nínú ilé ni kí ẹ gbé e sí, níbi tí kò ti ní lọ sísàlẹ̀ 18°C, kí ewé má kan gíláàsì tútù, kó má sì wà lójú ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń tú jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò bá tó, iná ewéko (gílóòbù tí wọ́n ṣe láti fún ewéko ní ìmọ́lẹ̀) ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sókè ewé, wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́, á tó o.

Omi ló sábà ń pa á nínú ilé. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Àfi bí òkè rẹ̀ bá gbẹ tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 kí ẹ tó bu omi sí i, omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ sì ni o, kì í ṣe èyí tó ti ẹ̀rọ jáde ní tútù nini. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ da èyí tó kù nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Iyẹ̀pẹ̀ tó tutù tó tún rin ni gbòǹgbò ti ń jẹrà. Bó bá gbóná ó lè fara da omi díẹ̀, bó bá gbẹ ó lè fara da òtútù díẹ̀. Bí omi àti òtútù bá pàdé, ó parí nìyẹn.

Bí gbogbo ewé bá wọ́ tán, ẹ má tíì jù ú. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀. Bó bá le, ó sùn ni. Ẹ gbé e sí 15 sí 18°C, kí ẹ máa fi omi díẹ̀ tọ́ iyẹ̀pẹ̀ wò nígbà tó bá fẹ́ gbẹ tán. Bó bá rọ̀, tó ń ṣomi, ó ti lọ.

Ewédára:
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Àwọn méjèèjì ti wọlé. Òwú tín-ín-rín yẹn wà lábẹ́ ewé ọ̀kan lóòótọ́, mo ti yà á sọ́tọ̀. Èyí tí a fẹ́ wú ńkọ́? Ṣé kí n dúró kí ìrì dídì kọ́kọ́ pa ewé rẹ̀? Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Gbòǹgbò44:
Ilẹ̀ gbalasa ni ìmọ̀ràn ìrì dídì yẹn wà fún, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bo iṣu. Nínú ìkòkò, òtútù ń gba ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, iyẹ̀pẹ̀ lítà 15 sì lè dì wọnú láàárín òru kan ṣoṣo. Iṣu tó bá ti dì kò sí ọ̀nà tí a fi lè jí i. Kò sí èrè kankan nínú dídúró. Bí òru bá ti wà ní 5 sí 8°C lemọ́lemọ́, ẹ wú u.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́. Oje gbogbo àwọn ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín calcium oxalate nínú, òun ló ń yún ara, tó sì ń ta ojú àti ọ̀fun. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá rìn mọ́ ewé tí ẹ gé sílẹ̀.

Ẹ dá omi rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú, kí iyẹ̀pẹ̀ lè fúyẹ́. Ẹ gé ọ̀pá ewé ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè iṣu. Ẹ má gé e mọ́ iṣu, torí ojú tó máa hù lọ́dún tó ń bọ̀ wà láàárín àwọn ọ̀pá yẹn. Ẹ dojú ìkòkò dé, kí ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, kí ẹ sì gé gbòǹgbò kù díẹ̀. Ọmọ tó bá já fúnra rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Èyí tó ṣì dì mọ́ ìyá rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ojú ọgbẹ́ ni ìdíbàjẹ́ lè gbà wọlé.

Gbígbẹ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ dorí wọn kodò kí omi inú ọ̀pá ewé lè ro jáde. Inú ọ̀pá yẹn rí bíi kànìnkànìn, omi tó bá dúró síbẹ̀ ló ń mú ojú iṣu jẹrà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ wọn sórí wáyà tàbí ìwé ìròyìn, níbòòji, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ní 18 sí 24°C. Ọjọ́ méje fún àwọn kéékèèké, ó lè tó mẹ́rìnlá fún iṣu tó tó ìkúùkù méjì. Ẹ máa yí wọn padà. Wọ́n ti gbẹ tó bí èèpo bá ń dún bí ẹ bá fọwọ́ rà á, tí ìdí ọ̀pá ewé sì ti rọ mọ́lẹ̀.

Ẹ wá tẹ́ píìtì (ewéko àbàtà tó ti jẹrà), vermiculite (òkúta fífúyẹ́ tí iná ti mú wú) tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó sínú páálí tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó má gbẹ táútáú. Ẹ to iṣu sórí rẹ̀ kí ìkan má kan ìkejì, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá dé e. Ibi ìpamọ́ náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 7 sí 13°C, kó ṣókùnkùn. Fíríìjì kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, 4°C inú rẹ̀ ti tutù jù.

Ìrìòwúrọ̀:
Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi ohun kan tí ẹ fò: fífọ̀. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù nìkan ni ẹ wí. Nínú iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ iṣu ni ẹyin kòkòrò, ìdin àti ìbàjẹ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi omi wẹ́ẹ́rẹ́ ṣan án, kí ẹ rí ojú iṣu dáadáa kó tó di pé ẹ gbẹ ẹ́.

Gbòǹgbò44:
Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ̀ ń bó èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dáàbò bò ó, ẹ sì tún fi omi kún èyí tí ẹ fẹ́ gbẹ. Àdàlú inú ìkòkò kì í lẹ̀ bí amọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ á yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti ń gbẹ.

Ìrìòwúrọ̀:
Àdàlú yín ni kì í lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bu ilẹ̀ ọgbà kún ìkòkò. Irú ìyẹn, fífọ̀ ló dára, kí wọ́n wá fi ọjọ́ mẹ́rin kún àkókò gbígbẹ. Ẹ má fi ẹ̀rọ omi alágbára fọ̀ ọ́ ṣá.

Gbòǹgbò44:
Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ ọgbà, mo gbà.

Ewédára:
Tí mo bá ti kó o sí páálí tán, ṣé ó parí nìyẹn títí ìgbà ìrúwé?

Gbòǹgbò44:
Rárá o. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ṣí páálí, kí ẹ fọwọ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá rọ̀ níbì kan tó sì ń rùn, ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e títí ẹ ó fi dé ibi tó funfun tó sì le. Ẹ fi imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú pa ojú ọgbẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó padà wọ páálí, inú ohun ìtẹ́ tuntun. Ẹ nu ọ̀bẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Bó bá hunjọ tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, omi ló ń wọ́n ọn. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára ohun ìtẹ́, ẹ má wọ́n ọn sára iṣu. Bó bá bu funfun lára èèpo nìkan, tí abẹ́ rẹ̀ ṣì le, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ páálí sí i.

Akóìkòkò:
Ó ku dúdú. Ti ìyẹn rọrùn, ìkòkò rẹ̀ ló máa sùn sí.

Ẹ gé ewé rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀, kí ẹ gbé gbogbo ìkòkò lọ sí yàrá abẹ́ ilé tàbí gáréèjì tí kì í dì, 7 sí 13°C náà ni. Kò nílò ìmọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kó jẹ yín lógún ni kí iyẹ̀pẹ̀ má gbẹ kanrangandan, kó má sì rin. Ẹ ti igi tín-ín-rín bọ̀ ọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Bó bá jáde ní gbígbẹ fúláú, ẹ da omi yí etí ìkòkò ká, ẹ má dà á sórí ìdí rẹ̀. Fún lítà 15, mílílítà 100 lóṣù ti tó. Fún ìkòkò lítà 40, bíi 250. Bí igi bá jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tútù lára, ẹ rékọjá oṣù yẹn.

Ẹ fi tẹmómítà sílẹ̀ níbẹ̀, irú èyí tó ń pa ìwọ̀n tó tutù jù mọ́. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gáréèjì àti igun tó jìnnà sí i lè fi ìwọ̀n púpọ̀ yàtọ̀ síra, ilẹ̀ kọnkéré sì ń fa òtútù. Ẹ gbé ìkòkò sórí pákó tàbí fóòmù. Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín òtútù, tó gùn tó sì funfun, ibẹ̀ ti gbóná jù. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù sí i, tàbí kí ẹ gbà pé ó ti jí, kí ẹ gbé e lọ sójú fèrèsé.

Ọmọ tó ta yí etí ìkòkò ká yẹn, ẹ gé mẹ́ta tó ti ní gbòǹgbò nínú rẹ̀, ẹ gbìn wọ́n sí ìkòkò lítà 1, kí ẹ gbé wọn sójú fèrèsé pẹ̀lú Alocasia. Bí ìyá bá kú sínú òkùnkùn, irú rẹ̀ ò ní parun lọ́wọ́ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewé:
Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Alocasia inú ilé ń ro omi láti ṣóńṣó ewé láàárọ̀, títí dórí ilẹ̀ pákó. Ṣé àìsàn ni?

ÌyáElewé:
Kì í ṣe àìsàn. Lóru, ewé kì í lè tú omi jáde bí ọ̀sán, gbòǹgbò ṣì ń ti omi sókè, àpọ̀jù rẹ̀ wá ń gba ihò kékeré létí ewé jáde. Bó bá ń ro lójoojúmọ́ nígbà òtútù, ó ń sọ fún yín pé iyẹ̀pẹ̀ rin jù ni. Ẹ dín omi kù, kí ẹ sì fi nǹkan tẹ́ abẹ́ rẹ̀, torí omi yẹn máa ń ba pákó jẹ́.

Ìrìòwúrọ̀:
Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè kejì, ewé tí kò tóbi, torí kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìkòkò ni àkọ́kọ́. Lítà 15 kò lè gbé Colocasia ńlá. Gbòǹgbò á kún un láàárín oṣù méjì, omi á máa gbẹ kó tó di ọ̀sán, ewé kọ̀ọ̀kan tó bá yọ nígbà tí òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ á sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀. Lítà 40 sí 60 ni kí ẹ wá, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Fífẹ̀ ju jíjìn lọ, torí ohun tó ga ju mítà kan lọ tó ń gba atẹ́gùn mọ́ra máa ń ṣubú nínú ìkòkò tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ike dára ju amọ̀ lọ níbi tí òtútù ti mú: amọ̀ ń fa omi mọ́ra, bí omi yẹn bá sì dì, ó ń fọ́ ìkòkò. Lítà 40 tó rin lè tó kìlógíráàmù 40, nítorí náà pátákó onítáyà ni kí ó ti wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó kún un, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e wọlé.

Àdàlú: ìdá méjì píìtì tàbí èèpo àgbọn lílọ̀, ìdá kan kọ́ńpọ́ọ̀sì, ìdá kan pẹ́láìtì (hóró òkúta funfun tó fúyẹ́). Fún Alocasia, ẹ fi ìdá kan èèpo igi ṣíṣẹ́ kún un, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá nídìí gbòǹgbò. Ẹ má sì fi òkúta tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Gbogbo èèyàn ń ṣe é, kò wúlò. Omi kì í fẹ́ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta àfi bí iyẹ̀pẹ̀ bá kún fọ́fọ́, ibi tó rin jù nínú ìkòkò wá ń gòkè sún mọ́ gbòǹgbò. Ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ rí i pé ó pọ̀, kí àsẹ́ fẹ́lẹ́ kan sì bò ó.

Omi: nígbà ooru, Colocasia nínú ìkòkò ńlá lè gba omi lójoojúmọ́, kódà àwo omi sẹ̀ǹtímítà 5 lábẹ́ rẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹ dán irú rẹ̀ wò lórí Alocasia, ìdí rẹ̀ á jẹrà.

Ajílẹ̀: oníhóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, bíi 14-14-14 (nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ń sọ ìwọ̀n nitrogen, phosphorus àti potassium inú rẹ̀), ni kí ẹ pò mọ́ àdàlú lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbìn, kí iye rẹ̀ jẹ́ bí àpò rẹ̀ ṣe wí fún ìwọ̀n ìkòkò yín. Bí ewé kẹta bá ti là, ẹ fi olómi tí nitrogen pọ̀ nínú rẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òtútù tó dé, ewé rírọ̀ tó yọ lẹ́yìn ìgbà yẹn kò wúlò fún iṣu. Bí iyọ̀ funfun bá hàn lójú iyẹ̀pẹ̀ tí etí ewé sì ń jó ní àwọ̀ ilẹ̀, ajílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ da omi gba inú ìkòkò kọjá, ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìkòkò, kó ṣàn nù pátápátá.

Ọmọ: bí ewé ńlá lẹ ń wá, ìyá kan ṣoṣo nínú ìkòkò kan. Ẹ máa yọ ọmọ tó bá ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìkòkò kíkún lẹ ń wá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì gbà pé ewé á kéré.

BàbáỌgbà:
Kí n fi oòrùn kún un. Colocasia aláwọ̀ ewé ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ti àárọ̀ ló dára jù. Àwọn dúdú ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, torí ní ibòòji, àwọ̀ wọn máa ń ṣá di aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ Alocasia ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó gba àárín ewé igi kọjá. Gbogbo wọn ló kórìíra atẹ́gùn líle, ewé gbàǹgbà yẹn á ya kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Iṣu fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ewé àkọ́kọ́ tí iṣu ńlá máa yọ ti tóbi ju èyí tí iṣu kékeré máa yọ lọ, torí oúnjẹ ọdún tó kọjá ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń làálàá pa á mọ́ dípò ká ra òmíràn lọ́dọọdún.

Ewédára:
Ó yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni kí n jí i, báwo sì ni?

Gbòǹgbò44:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ retí ìrì dídì ìkẹyìn, ẹ gbìn ín sínú ilé.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ wo ìdí iṣu. Apá ìsàlẹ̀ tó ti gbó jù sábà máa ń rọ̀ tàbí kó di kóòkì gbígbẹ. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ìgbà yìí náà ni kí ẹ ya ọmọ kúrò lára ìyá, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti ní ojú kan, ó kéré tán.

Orí rẹ̀ ni ibi tí àpá ọ̀pá ewé ti yí i ká bí òrùka, tí ojú kan sì yọ ṣóńṣó láàárín. Ìdí rẹ̀ ni ibi tó tẹ́, tí gbòǹgbò gbígbẹ wà. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ dá a sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀hù á wá ọ̀nà sókè fúnra rẹ̀. Ẹ bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 5 iyẹ̀pẹ̀. Iṣu ńlá lè gba 8 sí 10.

Ooru ìsàlẹ̀ ló ń jí i, kì í ṣe omi. Iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 21°C, bí ẹ bá ní àkéte oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìkòkò, ẹ fi sí 24 sí 27. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ má sì tún bu òmíràn títí iyẹ̀pẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Iṣu tí kò tíì ní gbòǹgbò kò lè mu omi. Nínú ohun tó rin, á jẹrà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ ló lè gbà kó tó hù.

ÌyáElewé:
Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ jáde, ẹ dúró kí òru tó 10°C lemọ́lemọ́ fún Colocasia, kó tó 15 fún Alocasia. Ìbòòji pátápátá ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oòrùn àárọ̀ wákàtí kan, kí ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ewé tó dàgbà sínú ilé kò tíì mọ oòrùn, ó lè jó funfun láàárín ọ̀sán kan. Ibi tó bá jó kò ní san mọ́, àmọ́ ewé tuntun á yọ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewé:
Bí ó bá tó oṣù méjì tí kò hù ńkọ́? Ṣé kí ènìyàn jù ú?

Gbòǹgbò44:
Ẹ ti tẹmómítà bọ iyẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Nínú iyẹ̀pẹ̀ 16°C, oṣù méjì kò jẹ́ nǹkan kan, oorun rẹ̀ ló ń sùn. Bó bá gbóná tó, ẹ fi ìka gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ iṣu láìwú u. Bó bá rọ̀ tó ń rùn, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fọ ìkòkò kó tó gba òmíràn. Bó bá le, tí ẹ sì rí gbòǹgbò funfun kékeré, ẹ bò ó padà, kí ẹ jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ máa bá a lọ. Bó bá le ṣùgbọ́n tí kò ní gbòǹgbò kankan, ẹ wú u, ẹ wo orí rẹ̀. Nígbà míì, ojú àárín ló ti kú nínú páálí. Ẹ fi ọ̀bẹ yọ ojú òkú yẹn, ẹ jẹ́ kó gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún un gbìn lórí ooru 24°C. Àwọn ojú kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè jí, ewé wọn á kàn kéré lọ́dún àkọ́kọ́.